Milo, ferret tó ń fọwọ́ ha ẹnu: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì ẹranko

Milo ni wọ́n ń pè é. Akọ ferret ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọmọ ọdún 5, kílò 1.3 ló wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ọmọkùnrin Yorùbá kan, ọmọ ọdún 13, ló ni ín, òun àti ìyá ẹ̀ jọ ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Nọ́ọ̀sì ẹranko ni mí, ibi iṣẹ́ wa ni wọ́n gbé e wá, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà kí n tó kọ gbogbo èyí sílẹ̀, torí ó wù mí kí àwọn èèyàn wa tó ń sin ferret nílùú òyìnbó rí nǹkan kà nípa ẹ̀ lédè wa.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí, ẹran gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ara ẹ̀ rọ̀ débi pé ihò tí orí ẹ̀ bá ti gbà, ara ẹ̀ á gbà á. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti ń sìn ín nílẹ̀ Yúróòpù láti fi lé ehoro jáde nínú ihò, ní Yorkshire níbí ẹ ṣì máa rí àwọn bàbá àgbà tó ń fi ṣọdẹ títí dòní. Ẹran ló ń jẹ o, ẹran nìkan ni Ọlọ́run dá ikùn ẹ̀ fún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé e wá ni pé ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń fi ọwọ́ iwájú méjèèjì ha ẹ̀gbẹ́ ẹnu, pàápàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, itọ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀, àgbọ̀n ẹ̀ máa ń tutù, tó bá gbé oúnjẹ sẹ́nu á rún un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, á wá tún un gbé, á fi ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ ẹ́. Ìyá ọmọ náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó, egungun adìẹ ló há a lọ́fun, mo ti sọ fún ọmọ yìí títí." Ọmọ náà ní, "Rárá Mọ́mì, mo ti yẹ ẹnu ẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, eyín ẹ̀ mọ́." Ló bá na fóònù sí mi, ó ti ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó ti ń yán, eyín gígùn mẹ́rin iwájú yọ ganboro, funfun báláú.

Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, eyín tó rí mọ́ lóòótọ́. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé eyín 34 ni ferret tó ti dàgbà ní, mẹ́rin gígùn iwájú yẹn nìkan la sì máa ń rí tó bá yánu, wọ́n kàn fi ń di ohun tí wọ́n bá pa mú ni, oúnjẹ kì í pẹ́ lára wọn. Ẹ̀yìn niṣẹ́ wà. Eyín ńlá kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn ló máa ń kọjá lára ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n á fi gé ẹran, ibẹ̀ sì nitọ́ ti ń jáde jù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Ẹni tí ò bá fọwọ́ ká ètè ẹran náà sẹ́yìn dáadáa ò lè rí eyín yẹn láé, ó lè gbé ferret fún ọdún 5 kó máa rò pé ẹnu ẹ̀ mọ́. Mo ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹran yìí ò ní ké, ò ní bú ramúramù, á kàn máa fara dà á, á máa jẹun lójú yín.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé a gbájú mọ́ eyín, dọ́kítà ní ká kọ́kọ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ohun tó bọ́gbọ́n mu gbáà nìyẹn, torí kì í ṣe gbogbo ferret tó ń ha ẹnu leyín ń dùn. Tí wọ́n bá ti lé ní ọmọ ọdún 3 báyìí, kókó kan máa ń hù sínú pancreas wọn (ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù), insulinoma ni wọ́n ń pè é, ó wọ́pọ̀ lára wọn gan-an, kókó yìí á máa tú insulin sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà á já wálẹ̀, èébì á máa gbé ẹran náà, itọ́ á máa yọ, á máa fọwọ́ ha ẹnu, nígbà míì á kàn dúró á máa wo ibì kan ṣáá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní lágbára mọ́. Ẹ wò ó, ó jọ ọ̀rọ̀ eyín dáadáa! Tí wọ́n bá wá fún irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun láìmọ̀, ewu ńlá ni. Wákàtí mẹ́ta péré la ní kó fi wà láìjẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, torí láàárín wákàtí 3 sí 4 ni oúnjẹ ti ń gba inú ferret kọjá tán. Ti Milo jẹ́ 5.6 mmol/L. Tó bá wà lábẹ́ 3.9 la máa ń fura, tó bá já sí ìsàlẹ̀ 3.3 ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ara wa balẹ̀ lórí ìyẹn, àmọ́ dọ́kítà ní kí wọ́n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Ó wá kan ẹnu. Mo di awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ mú, mo gbé e sókè díẹ̀, mo fi ọwọ́ kejì gbá ìdí ẹ̀ mú. Tí ẹ bá di ferret mú báyìí ara ẹ̀ á dẹ̀ wọ̀ọ̀, láìpẹ́ á ya ẹnu gbàgà fúnra ẹ̀, á yán, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wo inú ẹ̀. Dọ́kítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀gbẹ́ òsì, eyín ẹ̀yìn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹran ìdí eyín pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lókè ni mo rí i tí mo mí kanlẹ̀: ìdọ̀tí tó ti le gbagidi, tó láwọ̀ bí ilẹ̀, ti bo eyín tó fi ń gé ẹran látòkè délẹ̀, a ò rí ara eyín mọ́ rárá, ẹran ìdí ẹ̀ wú, ó pọ́n, dọ́kítà kàn fi owú kàn án lásán lẹ́jẹ̀ bá yọ. Ìdọ̀tí yẹn ti nípọn débi pé ó ń fara gbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti dá egbò síbẹ̀. Ó tún ku ọ̀kan, ṣóńṣó eyín gígùn òsì lókè ti kán díẹ̀. Ìyẹn ò yà wá lẹ́nu, ọmọ náà sọ pé ó máa ń gé irin kéèjì jẹ lálẹ́ tí wọ́n bá tì í mọ́nú ẹ̀.

Òórùn ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ní ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ferret máa ń rùn. Òótọ́ ni, ara wọn ní òórùn tiwọn. Àmọ́ òórùn ara yàtọ̀ sí òórùn ẹnu, ti ẹnu máa ń dà bí ohun tó ti ń jẹrà, tí ẹ bá gbé e súnmọ́ imú tó sì fẹ́ èémí sí yín tí ẹ yí ojú kúrò, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dọ́kítà.

Mo wá bèèrè ohun tó ń jẹ. Oúnjẹ gbígbẹ ológbò, èyí tó wọ́n kéré jù ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí àgbàdo àti àlìkámà pọ̀ nínú ẹ̀. Èso àjàrà gbígbẹ, torí ó fẹ́ràn ẹ̀. Chin-chin. Ìyá ọmọ náà ló máa ń dín in fún àríyá lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ á sì máa jù ú sí Milo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jọ ń wo bọ́ọ̀lù. "Ẹ ṣàánú mi o, chin-chin náà lè ṣe eyín ẹran báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe chin-chin nìkan, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni, tó bá ti pò mọ́ itọ́ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín, ẹran yìí ò sì ní ohun tó máa fi yọ ọ́." Ẹran tó wà nínú igbó á gé awọ, á fa iṣan, á fọ́ egungun kéékèèké, gbogbo ìyẹn ló ń ha eyín ẹ̀. Oúnjẹ gbígbẹ táwọn èèyàn rò pé ó ń fọ eyín, ṣe ló kàn máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ tí eyín bá ti kàn án, kò débi tí ìdọ̀tí wà nídìí eyín. Pé ìdọ̀tí yẹn tún wá le bẹ́ẹ̀, itọ́ ló fà á. Tí èyí tó rọ̀ bá ti wà lára eyín fún ọjọ́ díẹ̀ láìnù, àwọn ohun tó wà nínú itọ́ á wọnú ẹ̀, á gan, búrọ́ọ̀ṣì kankan ò lè ṣí i mọ́, kòkòrò á wá gba abẹ́ ẹ̀ wọ ìdí eyín lọ, á máa jẹ egungun tó di eyín mú.

Ọmọ náà sọ nǹkan méjì fún mi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbọ́. Àkọ́kọ́, ó ti fi ọṣẹ ìfọyín tiẹ̀ fọ eyín Milo rí, ẹnu ẹ̀ ho, ẹran náà sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín èèyàn fún ferret láé. Kò lè yọ omi lẹ́nu kó tu ú, gbígbé ló máa gbé e mì, fluoride, èròjà tí ò yẹ ní gbígbé mì, wà níbẹ̀, nígbà míì xylitol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, wà níbẹ̀, xylitol yẹn sì lè já ṣúgà ẹran wálẹ̀ lójijì. Èkejì, ó ti ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí dọ́kítà eyín ń lò, ó fẹ́ fi ha ìdọ̀tí yẹn kúrò fúnra ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé kò tíì lò ó. Irin yẹn á họ ara eyín, ibi tó bá ti họ nìdọ̀tí tuntun á sáré lẹ̀ mọ́, kò sì lè wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín níbi tí àìsàn gan-an wà, ká má tíì sọ pé ẹran tó wà lójúfò máa jà, irin sì lè gún un lójú tàbí lọ́fun. Àwa nọ́ọ̀sì gan-an, lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, a lè fọ eyín kí dọ́kítà wà nídìí ẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi irin yọ eyín, dọ́kítà nìkan ló lè yọ ọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Ìyá ẹ̀ ti fẹ́ gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀ láti alẹ́ torí bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún èèyàn nìyẹn nílé ìwòsàn. Mo pè é lórí fóònù pé rárá o, ẹ jẹ́ kó jẹun títí di aago 6 àárọ̀, aago 10 la máa ṣe é. Tí ferret bá wà láìjẹun mọ́jú, ṣúgà ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù.

Gáàsì isoflurane la fi gbé e sùn, dọ́kítà ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà èémí ẹ̀, a fi owú dí ẹ̀yìn ọ̀fun kí omi má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró, a tẹ́ ẹ sórí ohun tó ń gbóná. Ìwọ̀n gbígbóná ara ferret yẹ kó wà láàárín 37.8 sí 40°C, ẹran kékeré bẹ́ẹ̀ sì máa ń tutù kíá, omi tí ẹ̀rọ tá a fi ń fọ eyín ń tú jáde á tún rin orí àti ọrùn ẹ̀, nítorí náà ẹnì kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wo ìgbóná ara, ìmí, àti ìlù ọkàn ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi tí ẹ bá gbé tiyín lọ, ta ló máa dúró ti oorun ẹ̀? Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bínú.

A ya ẹ́síréè ẹnu. Dọ́kítà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn abẹ́ ẹran ìdí eyín kọ̀ọ̀kan. Ti ferret tára ẹ̀ dá kì í tó ààbọ̀ mìlímítà, níbi eyín ńlá ọ̀tún òkè yẹn irin wọlé ju mìlímítà 2 lọ. Gbòǹgbò mẹ́ta ni eyín yẹn ní, ẹ́síréè sì fi hàn pé egungun ti jẹ kúrò lára méjì nínú ẹ̀. Kò sóhun tá a lè fi gbà á là mọ́. Dọ́kítà gé eyín náà sí wẹ́wẹ́ kó tó máa yọ gbòǹgbò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí egungun àgbọ̀n ẹ̀ ò nípọn, ẹni tó bá fipá fà á lódindi lè dá àgbọ̀n sí méjì. Ó fọ ihò ẹ̀, ó rán an pẹ̀lú okùn tó máa yọ́ fúnra ẹ̀. Ní ti ṣóńṣó tó kán, ẹ́síréè mọ́, inú eyín ò tíì ṣí síta, ó ní ká fi í sílẹ̀ ká máa ṣọ́ ọ.

Àwọn yòókù, èmi ni mo fọ̀ wọ́n. Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí, mi ò ní purọ́. Ẹ ò ní tẹ ẹ̀rọ yẹn mọ́ eyín o, ṣe lẹ máa jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ìdọ̀tí fẹ́ẹ́rẹ́ tómi á máa tú sí i, ẹ ò ní dúró lórí eyín kan pẹ́ torí ó máa gbóná, lẹ́yìn náà ẹ máa rí i tí ìdọ̀tí yẹn á sán, á ṣí lódindi, eyín á yọ funfun lábẹ́ ẹ̀. Mo fi irin ọwọ́ kó èyí tó wà lábẹ́ ẹran ìdí eyín, mo wá fi ọṣẹ dídán dán gbogbo ẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀. Dídán yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹ̀rọ máa ń fi ojú ọgbẹ́ tíntìntín sílẹ̀, tí ẹ ò bá dán an ìdọ̀tí á tètè padà.

Ọmọ náà pe wá láti ilé ìwé ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. "Àǹtí, ṣé ó ti jí?" Mo ní ó ti jí, ó ti lá oúnjẹ rírọ̀ nínú abọ́, ó sì ti ń wá ọ̀nà àtijáde. Mo gbọ́ tó ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Wọ́n gbé e lọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú meloxicam olómi, oògùn ìrora tí dọ́kítà ti wọ̀n fún un. Mo tẹnu mọ́ ọn fún ìyá ẹ̀ pé kó má fún un ní ibuprofen tàbí paracetamol tó wà nílé, bó ti wù kó kéré tó, oró ni wọ́n fún ferret. Oúnjẹ rírọ̀ fún ọjọ́ 10. Ìyá ẹ̀ béèrè bóyá kí òun fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ẹnu ẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nílé. Mo ní rárá, á gbé e mì, ẹ kàn jẹ́ kó máa mu omi lásán.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ojú egbò ti jinná, a wá bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa fọ ọ́ nílé. Mo fi han ọmọ náà níbi iṣẹ́ wa. Kò kọ́kọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì rárá. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé Milo dùbúlẹ̀ sórí itan, ó kán òróró ẹja salmon sí i níkùn, Milo tẹ orí ba, ó ń lá ikùn ara ẹ̀, ọmọ náà wá ń fìka ká ètè ẹ̀ sókè, á wò ó, á jọ̀wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí tí Milo ò fi bìkítà mọ́. Ó wá fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ wé ìka, ó fi ọṣẹ ìfọyín ológbò tó ní adùn adìẹ sí i, ó ń nu ẹ̀gbẹ́ ìta eyín ẹ̀yìn. Inú ò pọn dandan, ahọ́n ń bá a ṣe ìyẹn. Ẹ̀yìn náà ló bọ́ sórí búrọ́ọ̀ṣì ọmọ jòjòló, èyí tí orí ẹ̀ kéré jù, òkè ọ̀tún díẹ̀, òkè òsì díẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ojoojúmọ́ ló dáa jù. Wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn, torí èyí tí wọ́n á máa ṣe lóòótọ́ sàn ju èyí tí wọ́n á ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fi pa á tì.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀: tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín ẹ má fọ eyín ferret lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Flu èèyàn máa ń ràn wọ́n, tiwọn náà sì ń ran èèyàn. Ara ferret gan-an ni àwọn onímọ̀ nílùú London ti kọ́kọ́ rí kòkòrò flu èèyàn mú lọ́dún 1933, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì kó o lára ferret tó sín sí i lójú.

Oúnjẹ ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Ferret máa ń mọ oúnjẹ láti kékeré, kó tó pé oṣù 6, èyí tí kò bá mọ̀ nígbà yẹn, ó máa ń ṣòro kó tó gbà pé oúnjẹ ni tó bá dàgbà. Nígbà tí wọ́n gbé apá adìẹ tútù síwájú Milo, ó rìn yí i ká, ó bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti lọ ẹran adìẹ kúnná, kí wọ́n bu díẹ̀ mọ́ oúnjẹ ferret gidi tí ẹran pọ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó gbà wọ́n lákòókò gan-an kó tó di pé ó ń fa ṣóńṣó apá adìẹ ya. Tútù o. Egungun tí wọ́n ti sè máa ń ṣán sọ́nà ọ̀fun àti ìfun, ẹ̀rù egungun tí ìyá ọmọ yẹn ń bà tẹ́lẹ̀ tọ̀nà pátápátá. Egungun màlúù náà ò dáa, ó le ju eyín wọn lọ. Ẹ fọ ọwọ́ àti abọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹran tútù, kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn àga, torí ferret máa ń kó oúnjẹ pa mọ́. Ìyá ọmọ náà ti bá ẹran lẹ́yìn kọ́ṣọ̀nù rí, ó fẹ́ lé gbogbo wọn jáde nílé, látìgbà yẹn inú kéèjì ni Milo ti ń jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó ṣí i. Chin-chin àti èso àjàrà ti dópin. Wọ́n ń jẹ́ kó jáde fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, gígé irin kéèjì jẹ sì ti dín kù gan-an.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ti wọn kílò 1.45, kò ha ẹnu mọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló fi ń jẹun, kódà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti yọ eyín. Ní oṣù mẹ́fà, a ká ètè ẹ̀ sókè, eyín ńlá òsì ti ní ìlà pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí, ẹ̀jẹ̀ ò yọ, dọ́kítà ní kí ọmọ náà dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ibẹ̀ sí i. Eyín gígùn tó kán ò tíì yí àwọ̀ padà. Tó bá di eérú, tàbí tí abẹ́ ojú ẹ̀ bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má dúró dọjọ́ tá a dá, kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ náà ti ń múra ìdánwò báyìí, ìyá ẹ̀ ló ń fọ eyín Milo láwọn alẹ́ tó bá ń kàwé, ó sì ní òun ti mọ ọ́n ṣe ju ọmọ lọ.